Orúkọ Kòkòrò Inú Mi

Ẹni mẹ́ta ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ìyẹn taifọ́ọ̀dù, dá dùbúlẹ̀ nínú agboolé ọkọ mi ní Òkèrèwè láàrin oṣù kan. Àbúrò bàbá ọkọ mi ló kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní ilé-ìwé gíráámà, lẹ́yìn náà ìyàwó àgbà kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Gbogbo wọn padà gbádùn, ṣùgbọ́n ìyàwó àgbà yẹn rù débi pé aṣọ kò dúró lára rẹ̀ mọ́ kí ó tó dìde.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, láàrin àwọn ọdún tí epo bẹtiróòlù wọ́n, tí yunifásítì ń ṣí lónìí tí ó ń tì lọ́la. Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Ọkọ ló gbé mi dé Ifẹ̀. Mo ti lo ọdún méjì nínú ilé náà, mo sì ní ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún kan. Ọkọ mi ń ṣe tíṣà ní ìlú kan lọ́nà Oǹdó, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni a máa ń rí i. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà sí Ẹnuwá.

Iṣẹ́ wa níbẹ̀ ni láti mọ orúkọ kòkòrò tó ń da ara ènìyàn láàmú. Ojú lásán kò rí wọn. Bí a bá tilẹ̀ fi maikirosíkóòpù wò wọ́n, púpọ̀ nínú wọn jọra bí ìrẹsì ṣe jọ ìrẹsì, nítorí náà ìwà wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀. A ó kọ́kọ́ rẹ wọ́n láró, ká wò ó bóyá àwọ̀ àlùkò ni wọ́n máa gbà tàbí pupa. A ó gbìn wọ́n sórí oúnjẹ kan tó dì bí ẹ̀kọ tútù nínú abọ́ pẹlẹbẹ, a ó gbé e sínú àpótí olóoru di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni a ó wá máa bi wọ́n ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Irú ṣúgà wo lo lè jẹ? Bí o bá jẹ ẹ́, ṣé o máa ń tú afẹ́fẹ́? Ṣé o máa ń sọ oúnjẹ di dúdú? Ìdáhùn wọn ni a fi ń mọ ẹbí tí wọ́n ti wá, inú ẹbí náà ni a ó ti wá mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ gan-an. Bí ohun èlò bá pé, ìbéèrè náà lè tó méjìlá. Nígbà tí mò ń wí yìí, ohun èlò kò pé. Mẹ́rin ni a máa ń bi wọ́n.

Ọ̀gá wa jẹ́ ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé ẹni kẹta ti ṣàìsàn nílé wa, ó pè mí.

Ó ní, "Gba ìgbẹ́ gbogbo àgbà ilé yín wá. Ẹnì kan lè gbé kòkòrò taifọ́ọ̀dù sínú kó má ṣe é ní nǹkan kan, kó sì máa fi ọwọ́ pín in fún àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọjọ́ méjì ni mo fi rọ àwọn ará ilé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní ó ń ti àwọn lójú. Kí wọ́n má bàa sọ pé mò ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, mo gba tèmi náà sínú agolo, mo kọ orúkọ mi sí i lójú wọn. Bí mo ṣe wọnú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá wa gbé abọ́ kan síwájú mi. Àwọn kòkòrò tó hù nínú rẹ̀ mọ́ gaara, àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dúdú bí ojú ẹyẹ. Ó mú díẹ̀ níbẹ̀ sórí gíláàsì, ó kán síráàmù sí i, ìyẹn omi tí ó máa ń mú kí kòkòrò taifọ́ọ̀dù ṣù jọ. Ojú mi ló ṣe ṣù, bí wàrà tó ti kan.

Mo bi í pé, "Ta ni, sà?"

Ó yí abọ́ náà padà kí n lè ka ohun tí a kọ sí ìdí rẹ̀. Orúkọ mi ni.

Dókítà wa kò bínú sí mi. Ó ní kí n lọ jókòó sílé, kí n má dáná fún ẹnikẹ́ni, kí n má fa omi kànga, kí n sì máa lo kápúsù kan tó korò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní mo lè fún ọmọ mi lọ́mú, ṣùgbọ́n kí n máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi dáadáa kí n tó gbé e. Mo kó ẹ̀wù funfun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ sínú báàgì, mo lọ sílé ní agogo mọ́kànlá àárọ̀.

Ìyá ọkọ mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó wò mí.

"Ìyàwó, kí ló dé tí o ti dé báyìí?"

"Àbájáde ti jáde, Màmá. Wọ́n ti mọ ẹni tó ń gbé àìsàn yìí kiri nínú ilé."

"Ta ni wọ́n ní ó jẹ́?"

"Èmi ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó béèrè bóyá mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Ìyẹn náà tó." Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó kó àwọn ìkòkò tí mo ti ń lò láti ọdún méjì sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú abọ́ tánganran kan tí ẹnu rẹ̀ ti họ wá fún mi, pẹ̀lú ṣíbí kan àti kọ́ọ̀pù kan, ó ní kí n máa fi wọ́n jẹun.

N kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni hùwà ìkà sí mi nínú ilé yẹn. Ohun tó jẹ́ kó le nìyẹn. Bí wọ́n bá ti bú mi, ǹ bá ti dá wọn lóhùn. Wọ́n ń kí mi lówùúrọ̀, wọ́n ń kí mi nírọ̀lẹ́, wọ́n ń gbé oúnjẹ tèmi wá kó tó tutù. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọjá lẹ́bàá ìkòkò omi, ẹnì kan á fi ọmọrí bò ó. Ìyàwó àgbà tó ṣàìsàn yẹn máa ń bi mí bí ara mi ṣe rí, tí yóò sì fi ọwọ́ kan fa kọ́ọ̀pù rẹ̀ sẹ́yìn.

Yàrá wa ní fèrèsé kan ṣoṣo, ògiri ilé kejì ló sì kọjú sí. Mo mọ gbogbo ibi tí ògiri náà ti sán. Inú rẹ̀ ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn bá rọ̀, nítorí pé bí mo bá jókòó sí àgbàlá, àwọn tó fẹ́ lọ yọ omi níbi kànga á máa wojú mi kí wọ́n tó sọ korobá sílẹ̀. Láti yàrá náà mo máa ń gbọ́ bí ìyá ọkọ mi ṣe ń bá ọmọ mi ṣeré. Bí ebi ọmú bá ń pa ọmọ náà, wọ́n á gbé e wá bá mi. Bí ó bá yó, wọ́n á tún gbé e lọ. Àgbàlá ni ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn. Ariwo àti àtẹ́wọ́ ni mo gbọ́. Nígbà tí mo máa fi jáde, ó ti ṣubú sórí ìdí, wọ́n sì ti gbé e.

Nígbà tí ọkọ mi dé ní ọjọ́ Jímọ̀, ó jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Ṣé kí o kúkú lọ sí Ìwó fún ìgbà díẹ̀? O máa ráyè sinmi níbẹ̀."

"Kí n lọ kó àìsàn yìí ran ìyá tèmi?"

Kò sí ilé tí mo lè lọ. Ibi yòówù kí n dé, inú mi ni nǹkan náà wà, èmi ni mo máa gbé e débẹ̀.

Mo lo kápúsù náà tán. A tún àyẹ̀wò ṣe, abọ́ tún dúdú. Dókítà pààrọ̀ oògùn, èyí ń yí mi nínú débi pé n kò lè jẹun fún ọjọ́ mélòó kan. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, abọ́ dúdú síbẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé ó jọ pé inú àpò òróòro mi ni kòkòrò náà fi ṣe ilé, pé nígbà mìíràn ohun tó máa ń tán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n la ikùn, kí wọ́n yọ àpò náà dànù. Ó kọ lẹ́tà tí n ó mú lọ bá àwọn oníṣẹ́ abẹ. Mo fi lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ karùn-ún mo padà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n n kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n rí ìgò tèmi. Kì í ṣe abọ́. Ìgò oníṣúgà."

Ọ̀gá wa mú un wá. Kí àìsàn yìí tó dé, èmi ni mo máa ń ka ìgò fún gbogbo ènìyàn. Ti ara mi ni n kò tíì rí, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan láti ọjọ́ tí orúkọ mi ti jáde. Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú kirikiri. Oúnjẹ inú rẹ̀ sì ti là sí méjì, ìdajì rẹ̀ ti sún sókè kúrò ní ìdí ìgò, afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé pé kòkòrò taifọ́ọ̀dù kì í tú afẹ́fẹ́. Ó máa ń jẹ ṣúgà rẹ̀ jẹ́jẹ́, dúdú tí yóò sì ṣe kì í ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ.

"Sà, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀."

"Mo rí i."

"Taifọ́ọ̀dù kì í tú afẹ́fẹ́, sà."

"Síráàmù mú un. O rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ. Ìgò lè ṣìwà hù, oúnjẹ inú rẹ̀ lè ti gbó. Síráàmù kì í ṣì í."

N kò bá ọ̀gá mi jiyàn rí. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ la ikùn mi, pé kí ó jọ̀wọ́ fún mi ní díẹ̀ lára kòkòrò náà kí n gbé e lọ sí ibi tí ohun èlò bá pé. Ó gbìn ín sínú ìgò kékeré kan, ó fi òwú dí ẹnu rẹ̀, ó sì fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní yunifásítì ni kí n lọ, ṣùgbọ́n pé àwọn olùkọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀, n kò ní bá ènìyàn níbẹ̀.

Agolo mílíìkì tó ṣófo ni mo gbé ìgò náà sí, mo fi aṣọ wé e. Kò sí ọkọ̀ tó ń wọ inú ọgbà nítorí epo, mo fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà gígùn yẹn láti géètì. Koríko ti hù bo ojú ọ̀nà níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rìn sí. Ní ilé tí wọ́n júwe fún mi, gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì àfi ọ̀kan. Obìnrin kan tó so gèlè kékeré mọ́rí ló wà nínú rẹ̀, ó ń to ìgò sínú àpótí.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní mo rò pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Kòkòrò kò mọ̀ pé a daṣẹ́ sílẹ̀. Bí n kò bá pààrọ̀ oúnjẹ wọn, wọ́n á kú tán kí a tó padà. Kí lo wá ṣe?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àwọn tó ṣàìsàn títí dé orí lẹ́tà abẹ́ ìrọ̀rí. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó béèrè irú síráàmù tí a lò. Mo dárúkọ rẹ̀. Ó béèrè èkejì tí ó yẹ ká lò pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní ó ti tán lọ́wọ́ wa tipẹ́. Ó kàn mi orí, ó gba agolo lọ́wọ́ mi.

Ìgò mélòó kan ni ó gbìn ín sí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni ó gbé sọ́wọ́ mi kí n wò ó dáadáa. Oúnjẹ inú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ó ní kòkòrò taifọ́ọ̀dù kò lè fi irú oúnjẹ yẹn gbé ara rẹ̀, pé bí ó bá jẹ́ òun ni, àwọ̀ ewé ni a ó bá a ní ọjọ́ kejì. Bí ó bá di búlúù, ẹlòmíràn ni. Ó ní kí n padà wá ní ọ̀túnla, kó lè dá òun lójú.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ọjọ́ méjì yẹn gùn ju gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá lọ. Mo dùbúlẹ̀, mò ń wo ògiri, mo sì ń bẹ̀rù pé ìgò náà á wà bó ṣe wà, pé èmi fúnra mi ni mo máa gbé lẹ́tà náà lọ bá àwọn oníṣẹ́ abẹ.

Búlúù ni. Obìnrin náà kò tíì sọ̀rọ̀ tí mo ti rí i láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹbí kan náà ni òun àti taifọ́ọ̀dù. Àwọn kan nínú wọn máa ń wọ irú aṣọ tí taifọ́ọ̀dù ń wọ̀ sára, aṣọ yẹn ni síráàmù yín dì mọ́. Kò mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ."

"Kí ni orúkọ rẹ̀, mà?"

"Sitirobákítà. Inú ìfun ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà láìṣe wọ́n ní nǹkan. Ó lè wà nínú tèmi."

Mo jókòó lórí àpótí ìjókòó. Mo rò pé ẹkún ló kàn, ṣùgbọ́n kò wá. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá wa ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Mo rò pé síráàmù kan yẹn tó. Má bínú." N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Dókítà gba lẹ́tà abẹ náà lọ́wọ́ mi, ó fà á ya lójú mi.

Nílé, ìyá ọkọ mi gbọ́ gbogbo àlàyé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó bi mí ní ìbéèrè kan.

"Ìyàwó, àwọn tó ní o ní in, àwọn náà ló tún ní o kò ní in. Èwo ni kí n gbà gbọ́ níbẹ̀?"

Màmá kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti aláìmọ̀wé. Bí wọ́n bá fún mi ní ìgò kan pẹ̀lú ìdáhùn méjì bẹ́ẹ̀, èmi náà á béèrè. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a máa wò ó, Màmá." Ó ní, "Ó dáa." Àwọn ìkòkò wà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀, abọ́ tí ẹnu rẹ̀ họ sì wà lọ́dọ̀ mi.

Àwọn wolé-wolé wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ṣáláńgá ilé kejì sún mọ́ kànga wa jù, wọ́n da oògùn sínú omi, wọ́n sì ní ká máa se é kí a tó mu ún. Ẹnikẹ́ni kò tún ṣàìsàn náà. Bóyá kànga ni, bóyá ẹnì kan tó kọ̀ láti mú agolo rẹ̀ wá ni, n kò lè sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá ọkọ mi ti oko dé, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìyàwó, fún mi lómi mu." Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo bu omi, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó mu ún tán, ó sì fún mi ní kọ́ọ̀pù padà. Ní ọjọ́ kejì ó ní kí n wá ro ọkà. Síbẹ̀, ó tó ọdún kan kí n tó lè dáná láìfi ọṣẹ bó ọwọ́ mi títí tí awọ yóò fi sán.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá wa gbé ìwé ńlá tí a ń kọ àbájáde sí kalẹ̀ níwájú mi. A jọ ṣí i láti ìgbà tí síráàmù kejì ti tán. A rí àwọn mẹ́ta mìíràn tí a kọ taifọ́ọ̀dù sí níwájú orúkọ wọn bí a ṣe kọ ọ́ sí tèmi, tí a kò bi kòkòrò wọn ní ìbéèrè tó. Èmi ni mo kọ méjì nínú wọn, ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀. Mo rántí pé ní ọjọ́ tí mo kọ wọ́n, mo kọ wọ́n kíákíá kí n lè tètè lọ sílé.

A rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú wọn, a sì gbé tiwọn lọ sí yunifásítì. Ti ọkùnrin náà jẹ́ taifọ́ọ̀dù lóòótọ́, a tọ́jú rẹ̀. Ti obìnrin náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni kẹta ni alásè ilé-ìwé kan, tí wọ́n dá dúró nítorí ìwé tí mo kọ. Àdúgbò Ìrẹ̀mọ ni ó kọ sílẹ̀ pé òun ń gbé. Mo lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Wọ́n fi yàrá rẹ̀ hàn mí, ẹlòmíràn ti ń gbé ibẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ó ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀, pé òun kò mọ ìlú tí ọmọ náà wà, pé ìtìjú ni ó jẹ́ kó lọ.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ó wá bá wa, a fẹ́ tún àyẹ̀wò náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, pé ó ṣeé ṣe kí a ti ṣì í. Mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà náà ká ìwé náà, ó fi sínú ìṣẹ́po ìró rẹ̀, ó ní bí ó bá padà wá, òun á fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò náà, alásè náà kò wá.